Ọlọ́run ń Bẹ, Ọlọ́run ń Bẹ̀

Láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ka ìwé. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé rí á mọ ohun tí mò ń wí. Lẹ́tà tí à ń tò fún ìwé títẹ̀ máa ń kọ ẹ̀yìn sí èèyàn ni, á sì dorí kodò. Ìgbà tó bá kan bébà ló tó ń dúró bí ọmọlúàbí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Ṣómólú, ó sì ti ba ojú mi jẹ́ débi pé ìpàkọ́ èèyàn ni mo fi ń dá a mọ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ. Mo rí ìpàkọ́ ọkùnrin kan rí ní ibùdókọ̀ Ladi-Lak, mo ní olè ni. Wọ́n ní mo purọ́. Ọjọ́ kẹta ló tó jalè.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Kì í ṣe pé orí mi kú o. Ìjì ló gbé ilé ẹ̀kọ́ wa lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé e tòun ti tíṣà, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè níbi tó ti ń pe orúkọ wa lọ. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó pe tèmi. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó lọ bi ìjì.

Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹnu tí mo ní, torí ẹnu yẹn ló kó bá mi.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tó dé lẹ́yìn ogún ọdún. Kò sí ògiri kan láti Ṣómólú dé Bàrígà tí kò ní ojú olóṣèlú lára. Gbogbo àwa tá a ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bó ti wù kó kéré mọ, a ò ráyè họ imú. Tèmi, ẹlẹ́sẹ̀ ni, bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ká ní ojú ọ̀nà ni mò ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ̀ lọ́dún náà ni, ǹ bá ti dé Mẹ́kà, kí n padà, kí n sì ti gbàgbé ohun tí mo lọ ṣe.

Ọdún yẹn náà ni ọ̀sà gbé ọmọ wa.

Òun nìkan la bí. Ìlàjẹ ni ìyàwó mi, ọmọ etí òkun, ẹja ló ń tà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń pẹja ní etí omi Bàrígà, ọmọ wa sì fẹ́ràn omi ju òjé lọ. Àwọn mẹ́ta ló jọ wọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ dára. Ìjì dé. Wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó dojú dé, wọ́n rí àwọn méjì. Wọn ò rí tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pe àwa méjèèjì, Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá. Nígbà tí kò sí i mọ́, ẹnu wọn wá ń wúwo láti pè wá. Wọ́n á rí ìyàwó mi lọ́nà, wọ́n á ní, "Ẹ kú... ẹ kú àárọ̀ mà," wọ́n á yà gba apá kejì.

Mi ò lè wò ó bẹ́ẹ̀, ni mo bá purọ́ fún un. Mo ní apẹja kan sọ fún mi pé òun rí ọmọkùnrin kan tó jọ ọ́ ní Badagry, pé omi ló gbé e gúnlẹ̀, pé kò rántí ilé mọ́. Mo rò pé irọ́ náà á jẹ́ kó jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ó jẹun. Nígbà tó di àárọ̀, ó di aṣọ ọmọ náà sínú báàgì, ó mú ọ̀nà Badagry pọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ìgbà tó dé, ó gbé báàgì sílẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà?"

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta kó tó gbàgbọ́.

Ó pa àdúrà tì. Aládùúrà ni tẹ́lẹ̀, aláṣọ funfun. Ó ká aṣọ náà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan tí mo wálé jẹun ọ̀sán ní Abúlé Òkúta, ní Bàrígà níbi tí à ń gbé, ó jókòó, ó ń ṣa egungun kúrò lára ẹja gbígbẹ, ó sì sọ èyí fún mi láìwò mí:

"Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Mo fẹ́ bá a lọ sílé létí òkun."

"Lọ kí wọn?"

"Mo fẹ́ lọ ni."

Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan wà lókè níbẹ̀ tí ọma mi wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ nílé wọn, ìbànújẹ́ ti gba Yorùbá Èkó lẹ́nu rẹ̀. "Bí ẹnìkan bá wà, mo lè dúró ní Bàrígà kí n máa bá a jà. Àárọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkan, tí ó jẹ́ omi lásán ni, kí ni mò ń ṣe níbí?"

"Ó wà. Ṣé o ò mọ̀ pé—"

"Ẹ má sọ ọ́ láti ẹnu yín." Ó gbé ọwọ́ tó fi mú ẹja sókè. "Ẹ mú un wá láti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà yunifásítì kan ti Akoka wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ìpàkọ́ rẹ̀ rí bí ti ẹni tí kì í sùn dáadáa. Ó ní filọ́sọ́fì, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò, lòun ń kọ́ wọn.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ ìwé kékeré kan."

"Ti òṣèlú ni, sà?"

"Rárá. Ti Ọlọ́run."

"Wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n ti fà á kalẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ní Ó wà jọ, òun sì kó ti àwọn tó ní kò sí jọ, Yorùbá lòun fi kọ gbogbo rẹ̀, kí irú mi lè kà á. Mo bi í pé ìhà wo ló wọlé. Ó ní òun ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

"Ẹ kó ìbò jọ, ẹ ò kà á?"

"Ẹni tó bá ka ìwé náà ni kó kà á, Bàbá. Ẹ kàn jẹ́ kí n tètè rí prúùfù."

Prúùfù là ń pe bébà àkọ́tẹ̀ tí a fi ń wo àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé rẹ̀, mo rí i pé òun náà ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ̀rí. Mo wá ní, "Prúùfù Ọlọ́run á jáde ní ọjọ́ Ẹtì, tí kò bá sí olóṣèlú tó dí mi lọ́wọ́." Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Tí mo bá ti to ẹ̀rí kan tán láàárọ̀, mo ti kà á láti ìdí dé orí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti gba ọwọ́ mi kọjá, màá gbé e lọ sílé lọ́sàn-án gbígbóná fún ìyàwó mi.

Èyí àkọ́kọ́ ní, ohunkóhun tó bá ń rìn, nǹkan kan ló tì í. Nǹkan náà, òmíràn ló ti òun náà. Tó bá yá, a ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ti gbogbo wọn tí ẹnìkankan ò tì. Òun ni Ọlọ́run. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo tilẹ̀ dìde dúró.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀fúùfù ló ti ọkọ̀ ọma mi. Ṣé ẹ̀fúùfù mọ orúkọ rẹ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ẹni tó ti ẹ̀fúùfù ńkọ́?"

"Ìwé ò sọ ìyẹn."

"Ẹni tó kàn ń ti nǹkan kiri, kí ni n ó fi ṣe? Ẹ wá jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Èkejì ní ayé wà létòlétò, ohun tó bá sì wà létòlétò, ẹnìkan ló tò ó. Èyí dùn mọ́ mi nínú, torí iṣẹ́ mi ni. Mo sọ fún un pé tí èèyàn bá da àpótí lẹ́tà sílẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, kò lè di Sáàmù láéláé. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣáá fẹ́ fi iyọ̀ sí i. Mo ní, "Àfi ọjọ́ kan tí àpótí bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ pé kí n ṣà á, mo rí i pé àwọn lẹ́tà náà ti to ara wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n kọ 'Ẹ kú àárọ̀'."

"Ṣé àárọ̀ ni?"

"Ọ̀sán ni."

"Ẹ ò wá rí i pé ẹni tó tò ó ò mọ àkókò." Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run tí à ń wá yẹn búra, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọkọ̀ náà. Ẹ̀rín náà dúró díẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì lọ, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹni tó to ojú èèyàn tó gún régé báyìí, òun náà ló ṣe ihò imú sí i tí omi ń gbà wọlé?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò sọ fún tíṣà pé ìwé rẹ̀ ń fìdí rẹmi ní ilé mi.

Ẹ̀rí kẹta le díẹ̀, tíṣà fúnra rẹ̀ ló jókòó lórí ìdì bébà tó là á fún mi. Ó ní kí n ro ẹni tó tóbi jù, tó pé jù, tí a ò lè ro ẹni tó jù ú lọ. Mo ní mo ti rò ó. Ó ní, ṣé ẹni tó wà lóòótọ́ ò ju ẹni tó wà nínú èrò lásán lọ ni? Mo ní ó jù ú lọ. Ó ní, tí ẹni tí mo rò yẹn bá wá jẹ́ pé inú èrò mi nìkan ló wà, kò tíì tóbi jù nìyẹn. Ó di dandan kó wà.

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Sà, ìwà ọmọ ìta lèyí. Ẹ mú Un láìfọwọ́kàn!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó bu ọbẹ̀ sí abọ́ mi. Mo ti ń rò pé ó wọlé. Ó wá ní:

"Mo lè ro ọma mi níbi tó ti ń wọlé bọ̀, tí ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀, tí ó ń bínú pé a ò tíì se oúnjẹ. Mo máa ń rò ó lójoojúmọ́. Kò sí ibì kan tó kù nínú èrò mi, àní àpá tó wà ní orúnkún rẹ̀, mo rò ó. Ṣé ọmọ tó wà láàyè ò sàn ju ọmọ tó wà nínú èrò lọ ni?"

"Ó sàn jù ú lọ."

"Tí ríronú bá ń mú nǹkan wà, kí ló dé tí kò tíì wọlé?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Ṣómólú lódidi. Tíṣà bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti fèsì bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, àmọ́ erékùṣù ni onítọ̀hún fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ọmọ. Ó ní, "Ta ló sọ ọ́?" Mo ní obìnrin kan tó ń ta ẹja ní Bàrígà ni. Ó ní ṣé òun lè fi kún ìwé, mo ní ó lè fi kún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to ọ̀rọ̀ ìyàwó mi sí ìhà àwọn tó ní kò sí.

Ẹ̀rí kan tún wà tó rí bí pọ́ọ̀lù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: pé kí èèyàn kúkú ta tẹ́tẹ́ pé Ọlọ́run wà, torí tó bá jẹ, ó jẹ ọ̀run, tí kò bá jẹ, kò pàdánù nǹkan kan. Èmi tí mo ti ta pọ́ọ̀lù láti ìgbà tí mo ti ní irùngbọ̀n, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ta tí kò pàdánù. Mi ò gbé ìyẹn délé rárá.

Oṣù wá parí.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé ló kù. Àkọlé tíṣà ni *Ọlọ́run ń Bẹ Tàbí Kò Sí?*, ó sì fẹ́ kó hàn gàgàrà. Lẹ́tà igi ńláńlá la fi ń tẹ irú ìyẹn, àwọn lẹ́tà tí à ń lò fún bébà ìbò. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bébà olóṣèlú kan tán, èyí tó sọ pé "Ẹ DÌBÒ FÚN WA, À Ń BẸ̀ YÍN". Àwọn lẹ́tà náà ṣì wà ní síso pẹ̀lú okùn. Oníṣẹ́ tó bá gbọ́n kì í tú ohun tó tún máa lò. Mo já "Ń BẸ̀" kúrò láàárín wọn, mo gbé e sáàárín "ỌLỌ́RUN" àti "TÀBÍ", mo dì í, mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò tilẹ̀ tẹ prúùfù rẹ̀; ọ̀rọ̀ mélòó ni? Ọ̀ọ́dúnrún èèpo ẹ̀yìn ló ti gbẹ kí tíṣà tó dé.

"Bàbá! Kí lẹ kọ síbí?"

Mo wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iwájú ọ̀rọ̀ ni mo kà. Àmì kan péré ló wà lórí Ẹ náà, bí eṣinṣin. *Ọlọ́run ń Bẹ̀ Tàbí Kò Sí?*

"Ẹ ti sọ Ọ́ di ẹlẹ́bẹ̀," ó ní. "Ẹ tún un tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kú."

Mo ní màá tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti wà nílé láti àárọ̀. Mo kó ojú ewé inú ìwé náà kan, mo fi ọ̀kan nínú èèpo yẹn bò ó bó ti wà, mo jáde. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi kúkú rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ìwé. Bóyá ìyẹn á dá a dúró.

Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbà apẹja kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó sórí àpótí. Ìyàwó mi gba ìwé náà. Ó mọ Bíbélì Yorùbá kà dáadáa, kò sí àmì tó ń fo ojú rẹ̀ dá.

"Ọlọ́run ń bẹ̀." Ó tún un kà. "Ta ni Ó ń bẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o. Gbólóhùn kan ni òótọ́ ì bá gbà mí: àṣìṣe ni, lẹ́tà olóṣèlú ni. Àmọ́ mo rí ojú rẹ̀. Ó ti ṣí. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé, mi ò rí i kó ṣí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ni."

"Tíṣà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ló kọ ọ́. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun kà, ibi tó já sí nìyẹn. Pé Ó wà, pé Ó sì ń bẹ àwọn ìyá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ìyàwó mi jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu iwájú ìwé náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Ó wà nìyẹn," ó ní. "Ẹni tí kò sí ò lè bẹ̀. Ó sì mọ ohun tó ṣe, torí ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀."

"Ṣé o rí i?" ni mo wí. Ọkàn mi ti ń fò. "Tú ẹrù. O ní tí ẹnìkan bá wà, o ó dúró kí o máa bá a jà."

"Ìjà ni mo ní." Ó gbé ojú sókè. "Ó ti wá bẹ̀. Ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀, a kì í nà án. Ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá tún jà, èmi ni wọ́n á máa wò bí aláṣejù. Ìjà yẹn nìkan ló kù fún mi ní Bàrígà, Ó sì ti gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ṣé o dárí jì Í ni?"

"Mi ò dárí jì Í. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni." Ó dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó wọ̀."

Mo tẹ̀lé wọn dé etí omi, èmi ni mo ru báàgì. Ní ọ̀nà ni mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Dúró. Irọ́ ni mo pa. Àṣìṣe ni àmì yẹn. Lẹ́tà àwọn olóṣèlú ni mo gbé síbẹ̀, tíṣà ti ń bínú. Kò kọ pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ sọ pé Ó wà."

Kò dúró. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ sọ òótọ́ tí n ó fi gba èyí gbọ́?"

"Lọ bi tíṣà!"

"Mo lọ bi wọ́n ní Badagry."

A dé etí omi, mo gbé báàgì sínú ọkọ̀. Mo ti to gbogbo ẹ̀rí inú ìwé yẹn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ti ìhà ọ̀tún àti ti ìhà òsì, kò sí ọ̀kan tó wúlò fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ ọkọ̀.

Ó jókòó sáàárín ọkọ̀, ó kọ ojú sí etí òkun, ó gbé ìwé náà lé itan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì. Kò jí. Ó tún un fà. Ó húkọ́, ó kú. Àwọn apẹja tó wà nítòsí ń dá àbá. Ọ̀kan ní pílọ́ọ̀gì ló tutù, ọ̀kan ní epo ò wọlé. Èmi dúró sínú ẹrẹ̀, omi dé orúnkún mi. Mi ò tíì gbàdúrà láti ọdún tí mo ti dàgbà, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbàdúrà. Mo ní kí ẹ́ńjìnnì náà má jí. Mi ò béèrè ohun méjì. Ó fà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò jí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò jí. Ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Mò ń rò ó pé bóyá Ẹnìkan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló jí.